Bí Èèyàn Bá Mọ̀ọ́mọ̀ Fo Apá Kan Nínú Ìrìnàjò Bàálù: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí àwọn tó ń kọ́ èèyàn pé kó ra tíkẹ́ẹ̀tì tó lọ jìnnà, kó sì sọ̀ kalẹ̀ lágbedeméjì, kí owó lè dínkù. Òótọ́ ni pé ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kan. Ṣùgbọ́n àwọn tó dá ọgbọ́n náà kì í gbé àpótí méjì tó wúwo, wọn kì í sì í tọrọ físà kí wọ́n tó yà sí ìlú onílùú. Àwa ńkọ́? Ojú tiwa ni mo fi dáhùn àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí.

Kí ni wọ́n ń pè ní fífo apá ìrìnàjò gan-an?

Tíkẹ́ẹ̀tì kan lè ní bàálù méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú. Ẹni tó ń ti Èkó lọ sí New York, tó máa pààrọ̀ bàálù ní London, tó sì máa gba ọ̀nà kan náà padà, bàálù mẹ́rin ló wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀kan sílẹ̀ láìwọ̀, ó ti fo apá kan nìyẹn.

Àwọn kan máa ń fo èyí tó kẹ́yìn: London ni wọ́n ń lọ látilẹ̀, wọ́n kàn ní kí New York wà lórí ìwé ni. Àwọn kan máa ń fo bàálù àkọ́kọ́, wọ́n á ní àwọn á lọ pàdé èyí tó kù lójú ọ̀nà. Àwọn mìíràn á lo àlọ, wọ́n á sọ àbọ̀ nù. Ewu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dọ́gba. Fífo bàálù àkọ́kọ́ ló burú jù, òun náà sì ni àwọn èèyàn wa ń kó sí jù, tí wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ń ṣe nǹkan kan.

Kí ló dé tí tíkẹ́ẹ̀tì tó lọ jìnnà fi máa ń rọjú ju èyí tó dúró nítòsí?

Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kì í fi máìlì nìkan díye lé tíkẹ́ẹ̀tì. Ohun tí wọ́n ń wò ni ibi tí èrò ti gbéra, ibi tó ń lọ, àti àwọn mìíràn tó ń na ọ̀nà náà. Lẹ́yìn tí òfin ọdún 1978 yọ ọwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà kúrò nínú iye owó bàálù, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ibẹ̀ kó ọ̀pọ̀ bàálù wọn jọ sí ìlú díẹ̀ tó di ojúkò wọn: Delta sí Atlanta, American sí Dallas, àti Charlotte lẹ́yìn náà.

Ẹ wo Charlotte. American ló ní èyí tó pọ̀ jù nínú bàálù tó ń balẹ̀ síbẹ̀, nítorí náà ẹni tí Charlotte gan-an jẹ́ òpin ìrìn rẹ̀ máa ń sanwó gidi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ sí New York lè bá Delta gba Atlanta, ó sì lè bá ẹlòmíràn lọ tààrà. Kí American má bàa pàdánù rẹ̀, wọ́n á gé owó rẹ̀ wálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Charlotte yẹn náà ni wọ́n máa gbé e gbà. Ìyá tó ń dá ta epo pupa lábúlé kì í gé owó. Ó di ọjà tó ti bá elépo mẹ́wàá jókòó. Ibi tí iye owó méjèèjì yìí ti yàtọ̀ ni àwọn tó ń fo apá ìkẹyìn ti ń rí èrè.

Manchester ni mo ń gbé, tíkẹ́ẹ̀tì mi sì jẹ́ Manchester–London–Èkó, àlọ àti àbọ̀. Ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Peckham, ní London, ni mo máa sùn mọ́jú ọjọ́ ìrìn. Ṣé mi ò kàn lè lọ wọ bàálù ní Heathrow?

Ẹ má dán an wò. Bàálù Manchester á gbéra láàárọ̀ láìsí yín nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ kò yọjú, á sì fagi lé gbogbo ohun tó kù lórí tíkẹ́ẹ̀tì náà. Kì í ṣe London sí Èkó nìkan o, àbọ̀ láti Èkó náà á lọ sí i. Ẹ ó dé Heathrow pẹ̀lú aṣọ ẹbí ìgbéyàwó nínú àpótí, wọ́n á wo orúkọ yín títí, wọ́n á ní ẹ kò sí nínú bàálù. Ẹ ó máa sọ pé ẹ ti sanwó. Òótọ́ ni, owó yín wà lọ́wọ́ wọn. Àyè yín ni kò sí mọ́. Ohun tó sábà máa ń kù ni kéèyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì tuntun ní iye tí wọ́n ń tà á lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó bá sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Èkó ní ọjọ́ ìrìn gan-an lóṣù kejìlá rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bínú sí èyí, mo sì gbà pé ìbínú náà ní ìdí. Wọ́n ń rò ó pé, “Mo tilẹ̀ dín iṣẹ́ wọn kù, ìjókòó kan ṣófo fún wọn láti Manchester.” Lójú ilé-iṣẹ́ bàálù, Manchester sí Èkó àti London sí Èkó kì í ṣe ọjà kan náà, iye wọn kò sì bára mu. Bí wọ́n bá gbà kí èèyàn máa wọlé níbi tó bá wù ú, gbogbo ará London tó bá rí i pé ti Manchester rọjú ni yóò rà á.

Ọ̀nà àbáyọ wà, ṣùgbọ́n kí bàálù àkọ́kọ́ tó lọ ni. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ náà, tàbí ẹ́jẹ́ńtì tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún yín, ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, kí ẹ ní kí wọ́n yọ Manchester–London kúrò. Wọ́n lè ní kí ẹ san àfikún, wọ́n sì lè má gba nǹkan kan. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí wọ́n tún tíkẹ́ẹ̀tì náà kọ, kí èyí tuntun sì wọlé sí email yín. Kí òṣìṣẹ́ kan wulẹ̀ sọ lórí fóònù pé “kò sí wàhálà” kò tó.

Bákan náà ni fún ẹni tó ní Abuja–Èkó–London lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, tó wá wọ mọ́tò wá sí Èkó nítorí ó fẹ́ yà ní Ìbàdàn kí ìyá rẹ̀.

Báwo ni kọ̀ǹpútà wọn ṣe ń mọ̀?

Láti oṣù kẹfà 2008 tí IATA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú lágbàáyé, ti fi òpin sí tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé, inú kọ̀ǹpútà ni tíkẹ́ẹ̀tì wà. Nọ́ńbà rẹ̀ ní díjíìtì 13, mẹ́ta àkọ́kọ́ sì ni àmì ilé-iṣẹ́: 125 ni ti British Airways, 071 ni ti Ethiopian, 006 ni ti Delta. Lábẹ́ nọ́ńbà yẹn, bàálù kọ̀ọ̀kan ní kúpọ́ọ̀nù tirẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ìwé àdéhùn ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sọ pé a gbọ́dọ̀ lò wọ́n bí wọ́n ṣe tò. Ẹ fo ọ̀kan, èyí tó tẹ̀ lé e kò ní ṣí. Kò sí ẹnì kankan tó jókòó níbì kan tó ń ṣọ́ yín; ẹ̀rọ ló ń ṣe é, ìdí nìyẹn tí ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu káńtà kò fi sábà ràn án.

Ẹrù mi ńkọ́?

Ẹrù tí ẹ bá fi lé wọn lọ́wọ́ ní Ìkẹjà, orúkọ ìlú tí ìrìn parí sí ni wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ẹ̀yin sọ̀ ní London, wọ́n ń gbé àpótí yín lọ sínú bàálù New York. Bí ẹ bá bẹ òṣìṣẹ́ pé kó lẹ London mọ́ ọn, ẹ ti fẹnu ara yín jẹ́wọ́ nìyẹn. Àwọn tó ń ṣe èyí láìsí ariwo, báàgì ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń gbé, èyí tó lè wọ abẹ́ ìjókòó. Kódà báàgì kékeré tí èèyàn fẹ́ gbé sókè lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: bí bàálù bá kún, wọ́n á gbà á lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á sì fi orúkọ ìlú ìkẹyìn sí i.

Ọ̀rọ̀ ẹrù tún ju pé kó sọnù lọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà 1985, bọ́ǹbù inú àpótí kan tú bàálù Air India 182 ká lórí òkun nítòsí Ireland, èèyàn 329 sì kú. Ẹni tó fi àpótí náà sílẹ̀ ní Vancouver kò wọ bàálù. Ní oṣù kejìlá 1988, àpótí mìíràn tí kò bá ẹnikẹ́ni rìn ló bú gbàù nínú Pan Am 103 lókè Lockerbie, èèyàn 270 ló sì bá a lọ. Láti ìgbà náà ni òfin ìrìnnà láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ti le sí i: ẹrù ẹni tí kò wọlé kò gbọ́dọ̀ kàn bá bàálù lọ láìsí àyẹ̀wò àkànṣe. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á wá a jáde nínú ikùn bàálù. Nítorí náà, bí ẹ bá rọra yọ lọ ní Heathrow, wọ́n á máa pe orúkọ yín nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àwọn èrò tó kù á jókòó sínú bàálù, àwọn òṣìṣẹ́ á máa tú ẹrù. Àwọn èrò wọ̀nyẹn náà ní ibi tí wọ́n ń sáré lọ.

Amẹ́ríkà yàtọ̀ díẹ̀. Ẹni tó ń ti Èkó lọ sí Houston tó gba Atlanta, Atlanta ni yóò ti gba àpótí rẹ̀ fún àwọn aṣọ́bodè kó tó tún fi í lé wọn lọ́wọ́. Àwọn kan ń tìtorí èyí sọ pé ẹrù kì í ṣe ìṣòro níbẹ̀. Bó bá jẹ́ àlọ nìkan ni wọ́n rà, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ àlọ àti àbọ̀, àbọ̀ wọn ti kú ní Atlanta.

Físà ibi tí mo fẹ́ sọ̀ sí wà lọ́wọ́ mi. Ṣé kò tó?

Kò tó, èyí sì ni ohun tí àwọn olùkọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í dárúkọ, nítorí kò kàn wọ́n. Ní Murtala Muhammed, ìwé tí òṣìṣẹ́ máa béèrè lọ́wọ́ yín ni ti ìlú tí tíkẹ́ẹ̀tì parí sí. Bó bá jẹ́ New York, físà Amẹ́ríkà dà? Bó bá jẹ́ Dublin, ti Ireland dà? Físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yín lè mọ́ láúláú, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ kúrò lẹ́nu káńtà. Ilé-iṣẹ́ tó bá gbé èrò tí ìwé rẹ̀ kò pé ló ń san ìtanràn: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, £2,000 ni lórí èèyàn kan. Wọn ò ní torí yín fi owó ta tẹ́tẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má rò pé ẹ ti bọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì tó bá parí sí Amẹ́ríkà ń béèrè ESTA, ìyẹn ìyọ̀ǹda tí èèyàn ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó lọ sí Amẹ́ríkà láìsí físà. Bí ẹ kò bá ní in, ẹ kò ní kúrò ní Èkó.

Òdìkejì rẹ̀ tún wà, ó sì burú ju ìyẹn lọ. Ẹni tó ní físà Amẹ́ríkà, tí kò ní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lè rí ààyè pààrọ̀ bàálù nínú pápákọ̀ ní London. Àwọn kan gba físà ìkọjá tó jẹ́ kí wọ́n jáde fún wákàtí 48, kì í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sọ̀ tí kò wọ bàálù kejì, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ bàálù. Ó ti di ti àwọn aṣọ́bodè, àkọsílẹ̀ irú rẹ̀ á sì máa tẹ̀ lé èèyàn dé ibi tó bá ti tún tọrọ físà. Owó tíkẹ́ẹ̀tì wo ló tó èyí?

Ní ti Schengen, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí físà kan ṣoṣo ń wọ̀: Frankfurt ni ẹni tó ń gba ibẹ̀ lọ sí Oslo ti máa kọjá lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè, nítorí náà ó lè rìn jáde. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tí èèyàn máa pẹ́ sí jù ló yẹ kó fún un ní físà. Bí ẹ bá gba ti Norway, tí ẹ fi tíkẹ́ẹ̀tì Oslo ṣe ẹ̀rí, tí ẹ wá jókòó sí Frankfurt, ìtàn tí ẹ sọ fún ilé-iṣẹ́ aṣojú kò bá ẹsẹ̀ yín mu mọ́.

Bí wọ́n bá fagi lé bàálù London, tí wọ́n ní kí n gba Paris ńkọ́?

New York ni wọ́n tà fún yín. Wọ́n lè gbé yín gba Paris, Amsterdam, tàbí kí wọ́n gbé yín lọ tààrà, wọ́n ti mú àdéhùn ṣẹ. Kí ni ẹ fẹ́ sọ fún wọn? Pé London ni ẹ ń lọ?

Ṣé ó lòdì sófin? Ṣé wọ́n lè torí ẹ̀ mú mi?

Kì í ṣe ọ̀ràn tí ọlọ́pàá ń torí rẹ̀ mú èèyàn. Ọ̀rọ̀ àdéhùn ni. American, United àti Delta kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn wọn pé àwọn kò fẹ́ ẹ, àti pé àwọn lè fagi lé ohun tó kù lórí tíkẹ́ẹ̀tì, kí àwọn gba owó tó yẹ kéèyàn san, tàbí kí àwọn gba máìlì rẹ̀, ìyẹn ẹ̀bùn tí wọ́n ń kó jọ fún èrò tó ń wọ bàálù wọn déédéé. Ilé-iṣẹ́ náà tún lè sọ pé òun kò tà fún yín mọ́.

Wọ́n sì ń ṣe é. Ní ọdún 2023, ọmọkùnrin ọlọ́dún 17 kan fẹ́ ti Gainesville, ní Florida, wọ bàálù American. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ parí sí New York, ṣùgbọ́n Charlotte, níbi tí ilé wọn wà, ló fẹ́ sọ̀ sí. Òṣìṣẹ́ rí i pé ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti North Carolina, wọ́n mú un wọ yàrá kan, wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì náà, ìdílé rẹ̀ sì ra òmíràn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kó má wọ bàálù àwọn fún ọdún mẹ́ta. Ẹ kíyè sí i: kò tíì fo ohunkóhun nígbà yẹn.

Ṣé wọ́n ti gbé èrò lọ sílé ẹjọ́ rí?

Bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù ni ti Lufthansa, ilé-iṣẹ́ bàálù Jámánì. Ní ọdún 2016, èrò kan ra àlọ àti àbọ̀ láti Oslo sí Seattle, tó gba Frankfurt, ní nǹkan bíi €657. Nígbà tó ń bọ̀, ó sọ̀ ní Frankfurt, ó sì wọ bàálù Lufthansa mìíràn tó rà lọ́tọ̀ lọ sí Berlin. Lufthansa ní iye tí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ tọ́ sí gan-an ju iye tó san lọ, wọ́n sì ń bèèrè €2,112. Ilé ẹjọ́ ní Berlin da ẹjọ́ náà nù lóṣù kejìlá 2018, pàápàá nítorí pé ìwé àdéhùn kò jẹ́ kí èrò lè mọ bí wọn ó ṣe ṣírò owó náà. Tẹ́tí sí ìdí yẹn dáadáa. Ilé ẹjọ́ kò sọ pé ilé-iṣẹ́ bàálù kò lè bèèrè owó láéláé. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni kò yé èèyàn tó.

Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Jámánì ti wọ ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀, lóṣù kẹrin 2010: kò bófin mu kí ilé-iṣẹ́ kàn pa gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì nítorí pé èèyàn fo apá kan, ṣùgbọ́n wọ́n lè ṣètò láti gba àfikún owó lọ́wọ́ ẹni tó fi ọgbọ́n rẹ́ wọn jẹ. Ní Spéènì, lóṣù kọkànlá 2018, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀, ní Madrid, dá Iberia, ilé-iṣẹ́ bàálù wọn, lẹ́bi pé kò tọ́ kó fagi lé àbọ̀ ẹni tí kò lo àlọ.

Inú mi dùn sí àwọn ìdájọ́ wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró lẹ́nu káńtà ní Èkó tàbí Heathrow kò lè fi ìdájọ́ Madrid wọ bàálù lálẹ́ ọjọ́ náà.

Skiplagged ńkọ́? Ṣebí ìkànnì yẹn ṣì ń ta irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní New York, Aktarer Zaman, ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 2013. United àti Orbitz, ìkànnì kan tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, pè é lẹ́jọ́ lóṣù kọkànlá 2014. Orbitz yanjú tirẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ilé ẹjọ́ Chicago sì da ti United nù ní ọdún 2015 nítorí pé kì í ṣe ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n gbé e wá. Ariwo ẹjọ́ yẹn gan-an ló sọ ìkànnì náà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ní oṣù kẹjọ 2023, American náà pè é lẹ́jọ́ ní Fort Worth, ní Texas, lóṣù kẹwàá 2024 sì ni àwọn ará ìlú tí ilé ẹjọ́ yàn láti bá adájọ́ dá ẹjọ́ ní kó san mílíọ̀nù 9.4 dọ́là. Apá kan lára rẹ̀ jẹ́ nítorí pé ó lo àmì ilé-iṣẹ́ náà láìgbàṣẹ.

Nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè fi ẹjọ́ yìí sọ pé ilé ẹjọ́ ti fòfin de fífo apá ìrìn, kò sì sẹ́ni tó lè fi sọ pé ilé ẹjọ́ ti fọwọ́ sí i.

Máìlì mi ńkọ́?

Ẹni tó bá fi nọ́ńbà ẹgbẹ́ máìlì rẹ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta ti fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n lè gba máìlì náà, wọ́n sì lè ti àkáǹtì náà pa.

Mò ń lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àlọ àti àbọ̀ ló sì rọjú ju àlọ nìkan lọ. Bí n kò bá lo àbọ̀, kí ni wọ́n máa fi mí ṣe?

Nínú gbogbo irú rẹ̀, èyí ni ewu rẹ̀ kéré jù, nítorí pé lẹ́yìn apá tí ẹ sọ nù, kò sí òmíràn tí wọ́n máa fagi lé. Ìwé àdéhùn àwọn kan kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń yí èrò padà lóòótọ́: iṣẹ́ dé, àìsàn dé, ìyàwó bímọ. Físà akẹ́kọ̀ọ́ kò pọn ọ́n ní dandan kí ẹ ní tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ lọ́wọ́.

Bó bá jẹ́ físà àbẹ̀wò ni ẹ gbà ńkọ́? Ìyẹn yàtọ̀ pátápátá. Tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ tí ẹ sọ nù kò ní dùn yín tó ọjọ́ tí físà yóò kọjá lórí yín níbẹ̀.

Kí ẹ tó gbàgbé àbọ̀ náà, ẹ wo owó-orí tó wà nínú rẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gba owó-orí lórí èrò tó bá gbéra láti ọ̀dọ̀ wọn. Ní oṣù kẹrin 2025, wọ́n gbé e sí £90 fún ìjókòó tí owó rẹ̀ kéré jù nínú bàálù tó ń lọ sí irú ibi tí Nàìjíríà wà. Bí ẹ kò bá wọ bàálù, ilé-iṣẹ́ náà kò jẹ ìjọba ní owó yẹn, ẹ sì lè kọ̀wé pé kí wọ́n dá a padà. Àwọn kan á yọ owó iṣẹ́ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa kì í béèrè.

Ṣé ìdí yìí náà ló ń mú àwọn èèyàn lọ wọ bàálù ní Accra tàbí Kùtọnu?

Ó jọra, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun kan náà. Lásìkò tí owó àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù há sí Nàìjíríà, tí IATA sọ ní àárín ọdún 2023 pé ó ti lé ní mílíọ̀nù 800 dọ́là, tí Emirates tilẹ̀ ti dá iṣẹ́ dúró láti 2022, owó tíkẹ́ẹ̀tì láti Èkó ga débi pé àwọn èèyàn ń gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá lọ wọ bàálù níbòmíràn. Kò sí ẹ̀tàn kankan nínú ìyẹn. Ibi tí tíkẹ́ẹ̀tì sọ pé ẹ ti gbéra, ibẹ̀ ni ẹ ti gbéra lóòótọ́.

Ìṣòro máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá ra tíkẹ́ẹ̀tì tó gbéra ní Accra, tó gba Èkó, tó wá ní òun á dúró de bàálù náà sí Ìkẹjà. Ẹ ti mọ ìdáhùn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ èrè Accra gbọ́dọ̀ dé Accra, kó sì fi owó mọ́tò, ilé ìtura àti wàhálà ẹnubodè kún ìṣirò rẹ̀ kó tó sọ pé òun jèrè.

Ṣé àbúrò mi lè lo apá tí mi ò fẹ́ lò?

Rárá. Orúkọ orí tíkẹ́ẹ̀tì àti ti pásípọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ bára mu.

Ẹ́jẹ́ńtì mi ní òun lè bá mi ṣe é, kò séwu.

Ewu rẹ̀ ni kò sọ fún yín. Ilé-iṣẹ́ bàálù lè kọ ìwé gbèsè ránṣẹ́ sí ẹ́jẹ́ńtì lórí tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá rí i pé wọ́n fi fo apá ìrìn, owó yẹn á sì wá láti àpò rẹ̀. Ta ni yóò sanwó ọ̀hún níkẹyìn? Ẹ́jẹ́ńtì tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á wulẹ̀ wá ọ̀nà mìíràn fún yín. Èyí tó bá ń fi ọgbọ́n yìí polówó ara rẹ̀ lórí WhatsApp, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá yóò gbé fóònù lálẹ́ tí wọ́n bá dá yín dúró.

Ọ̀nà wo ló wá tọ́, téèyàn bá fẹ́ dín owó kù?

Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ lo ọjọ́ mélòó kan ní London kí ẹ tó dé New York, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdúró náà sínú tíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà mìíràn iye tó lé lórí rẹ̀ kò tó nǹkan. Bó bá jẹ́ pé ìlú kan ni ẹ ń wọ̀, tí ẹ ó sì ti ìlú mìíràn padà, wọ́n lè tò ó bẹ́ẹ̀ fún yín látìbẹ̀rẹ̀: ẹ lọ sí London, ẹ ti Manchester bọ̀. Ẹ tún lè ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan kò sì ní pa èkejì. Ṣùgbọ́n bí ti àkọ́kọ́ bá pẹ́, ti èkejì kò ní dúró, kò sì sẹ́ni tó jẹ yín ní gbèsè, nítorí náà ẹ fi àyè tó pọ̀ sáàárín wọn. Ẹni tó lè yí ọjọ́ rẹ̀ padà láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì á rí owó dín kù ju ti gbogbo ọgbọ́n inú ìdáhùn yìí lọ.

Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ fo ó, ọ̀nà ló há. Bàálù Manchester ti lọ báyìí. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ pè wọ́n lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá dé Heathrow. Bí ẹ bá ṣì wà nínú ọ̀nà tí ẹ sì ti rí i pé kò ní ṣeé ṣe, ẹ pè kí bàálù tó gbéra, nítorí títún tíkẹ́ẹ̀tì ẹni tí kò tíì pẹ́ kọ rọrùn ju títún ti ẹni tí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò yọjú. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀rí: ìwé ọkọ̀ ojú irin tó pẹ́, fọ́tò mọ́tò tó bàjẹ́, ìwé dókítà. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní ààyè nínú àdéhùn wọn fún ẹni tí nǹkan tó ju agbára rẹ̀ lọ dé bá. Ẹ béèrè ohun méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: àlọ tó kù, àti àbọ̀. Òṣìṣẹ́ lè tún àlọ ṣe kó gbàgbé àbọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ní Ìkẹjà lẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Nígbà tí email tuntun bá dé, ẹ ka bàálù inú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì rí i pé nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì oní-díjíìtì 13 wà níbẹ̀, kì í ṣe lẹ́tà mẹ́fà ti ìforúkọsílẹ̀ nìkan.